Ta Ni Kí Ó Sanwó Ẹ̀kọ́ Awakọ̀ Tí A Fi Ẹ̀mí Wa Lé Lọ́wọ́?

Ọdọọdún ni a máa ń ka ìtàn ìlú wa àti ọ̀rọ̀ àṣà nínú ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa, èyí sì dára. Lọ́dún yìí, mo tọrọ àyè láti sọ ọ̀rọ̀ kan tó dà bí ẹni pé kò kàn wá, ṣùgbọ́n tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfurufú ni: bí a ṣe ń yàn wọ́n, ẹni tó ń san owó ẹ̀kọ́ wọn, àti irú awakọ̀ tí ọ̀nà tí a gbà san owó náà ń bí fún wa.

Àwa tí a ń gbé Du mọ ohùn bàálù dáadáa, nítorí pápákọ̀ òfurufú Yakubu Gowon tó wà ní Heipang kò jìnnà sí wa. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ nígbà ọyẹ́, tí eruku bo ojú sánmà, àwọn ọmọdé á máa juwọ́ sí i, àwa àgbà á sì máa sọ nínú ara wa pé, "Ọlọ́run, sọ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀." Àwọn bàbá wa tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà àti láti àwọn ìlú mìíràn, ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀ wá ṣòwò nídìí kùsà. Lónìí, nítorí bí ọ̀nà ṣe rí àti nítorí àwọn ajínigbé, àwọn kan nínú wa ń ṣa owó jọ kí wọ́n lè wọ bàálù lọ síbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó nílé.

A kò sì lè gbàgbé ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún ọdún 2002. Ọkọ̀ òfurufú EAS tó gbéra ní Jos, tó yà ní Kano, tó sì ń lọ sí Èkó, já lulẹ̀ sí àdúgbò Gwammaja ní Kano. Àwọn tó kú nínú ọkọ̀ àti nílẹ̀ lé ní 140. Ishaya Mark Aku, mínísítà eré ìdárayá nígbà náà, tó jẹ́ ọmọ Plateau níbí, wà lára wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa ẹni tó ń jókòó níwájú, tí àwa èrò kì í rí ojú rẹ̀, tí a kì í bèèrè orúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: bí iṣẹ́ kan bá jẹ́ pé ẹ̀mí ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, ṣé ó tọ́ kí owó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò pinnu ẹni tí yóò ṣe é?

BÍ WỌ́N ṢE Ń KỌ́ AWAKỌ̀ ÒFURUFÚ

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ òfurufú yóò kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ìlera. Yóò kọ́ nípa ojú ọjọ́, ẹ́ńjìnnì, òfin ojú òfurufú àti bí a ṣe ń mọ ọ̀nà lókè. Yóò fò pẹ̀lú olùkọ́ nínú ọkọ̀ kékeré, lẹ́yìn náà yóò dá fò. Nígbà tó bá ti ní nǹkan bí wákàtí 200, tó sì yege nínú ìdánwò, ó lè gba láísẹ́ǹsì láti fi iṣẹ́ náà jẹun.

Ṣùgbọ́n kò tíì lè wa ọkọ̀ ńlá. Irú ọkọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ àti ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tó mọ Boeing 737 wà kò lè ṣàdédé bọ́ sínú Airbus. Inú yàrá ẹ̀rọ kan tí wọ́n kọ́ bí iwájú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ti ń kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Níbẹ̀, olùkọ́ lè pa ẹ́ńjìnnì kan, kó dá ìjì sílẹ̀, kó sì wo ohun tí ọmọ iṣẹ́ yóò ṣe, láìsí pé ẹnikẹ́ni fara pa. Owó dọ́là ni wọ́n sábà máa ń fi san án. Lẹ́yìn èyí, yóò bá ọ̀gá awakọ̀ fò fún ìgbà díẹ̀. Títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì, wọn kò ní yé dán an wò lóòrèkóòrè.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sanwó. Ta ni?

Nígbà kan, ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló ń san án. Ní 1964 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú ti Zaria sílẹ̀. Nigeria Airways, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958 lábẹ́ orúkọ WAAC, máa ń yan àwọn ọ̀dọ́, á rán wọn lọ kọ́ṣẹ́, á sì gbà wọ́n síṣẹ́ bí wọ́n bá yege. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ Hamble sílẹ̀ ní 1960 láti kọ́ awakọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ìjọba wọn.

Ọgbọ́n wà nínú ètò yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọmọ níṣẹ́ yóò fara balẹ̀ yàn, nítorí bí ọmọ náà bá kùnà, owó òun ló jóná. Àwa náà mọ èyí nínú ètò ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tiwa: ọ̀gá tó bá gba ọmọ sílé, tó ń bọ́ ọ, kì í fi òjò, kì í fi ẹ̀ẹ̀rùn yé wo ọwọ́ rẹ̀. N kò sọ pé Nigeria Airways kò ní àbùkù o. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wà nígbà náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọmọ tálákà tó ní orí pípé ní ilẹ̀kùn kan tó lè kàn.

Ní 2003, Nigeria Airways kógbá sílé. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tó kù, púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ awakọ̀ tó ti gbó, tí ẹlòmíràn ti kọ́. Láti ìgbà náà, òbí ló ń ta ilẹ̀.

BÍ OWÓ ṢE Ń KAN IṢẸ́ AWAKỌ̀

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo rí.

Èkínní, agbada tí a ti ń bu ẹ̀wà ti kéré jù. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹni tó lówó nìkan ló lè dé ẹnu ọ̀nà, inú ìdílé díẹ̀ ni a ti ń yan. Orí pípé, ìfarabalẹ̀ àti ọkàn tí kì í tètè dààmú kì í ṣe ogún olówó.

Èkejì, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi owó akẹ́kọ̀ọ́ jẹun kò rọrùn fún láti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé, "Ọmọ mi, iṣẹ́ yìí kì í ṣe tìrẹ." Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 2009, ọkọ̀ òfurufú Colgan já lulẹ̀ nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà, èèyàn 50 sì kú. Nígbà tí ọkọ̀ kìlọ̀ pé eré òun ti lọ sílẹ̀ jù, ọ̀gá awakọ̀ fa ọwọ́ ìdarí sẹ́yìn nígbà tó yẹ kó tì í síwájú. Àwọn olùwádìí rí i pé ọkùnrin náà ti kùnà nínú ìdánwò awakọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì sọ gbogbo rẹ̀ nígbà tó ń wáṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi owó ara rẹ̀ ra àǹfààní láti jókòó níwájú ọkọ̀ ló gbà kọjá. Igbákejì rẹ̀ ń gba nǹkan bí dọ́là 16,000 lọ́dún, ó sì ti rin ìrìn òru láti ìlú tó jìnnà kó tó dé ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ní 2010, Amẹ́ríkà ṣòfin tuntun. Láti 2013, awakọ̀ èrò gbọ́dọ̀ ní wákàtí 1,500, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda fún.

Ẹ̀kẹta, gbèsè ń di ènìyàn lẹ́nu. Ẹ rántí ọkọ̀ òfurufú Germanwings ti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹta ọdún 2015. Igbákejì awakọ̀ tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn ló mọ̀ọ́mọ̀ wa ọkọ̀ náà lu òkè ní ilẹ̀ Faransé, èèyàn 150 sì kú. Ó ti yá nǹkan bí yúrò 41,000 láti fi san ìpín tirẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́. N kò sọ pé gbèsè ló pa wọ́n. Àìsàn ọkàn rẹ̀ ló ṣokùnfà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ilẹ̀ Faransé kọ ọ́ pé ìbẹ̀rù pé láísẹ́ǹsì àti owó yóò lọ wà lára ohun tó lè mú kí awakọ̀ fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé bí òun bá sọ òótọ́, ilé bàbá òun yóò di títà, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ẹ̀kẹrin, ọwọ́ ń dípẹtà. Ẹni tó gba láísẹ́ǹsì lónìí tí kò rí ọkọ̀ fò fún ọdún mẹ́fà, bí ẹni tó kọ́ ìlù tí kò rí ìlù lù ni. Láísẹ́ǹsì wà nínú àpótí, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní orílẹ̀-èdè wa, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ Bellview já lulẹ̀ ní abúlé Lísà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èèyàn 117 kú. Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá kò lè fọwọ́ sọ ohun kan ṣoṣo pé òun ló fà á, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún ọ̀gá awakọ̀ náà kò tó, àti pé wákàtí tó fò ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú pọ̀ débi tí ó lè rẹ̀ ẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ọkọ̀ Sosoliso já ní Port Harcourt, èèyàn 108 kú, ọmọ ilé-ìwé Loyola Jesuit bí 60 sì wà nínú wọn. Awakọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó ti padà sókè, láìtíì rí ojú ọ̀nà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006, ọkọ̀ ADC gbéra ní Àbújá nínú ìjì, Sultan Muhammadu Maccido àti àwọn mìíràn sì bá a lọ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2012, ọkọ̀ Dana já sí Ìjú-Ìṣàgá ní Èkó. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú pẹ̀lú èèyàn 6 nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ bàjẹ́, ṣùgbọ́n àjọ náà ní àwọn awakọ̀ kò tẹ̀lé ìlànà tó wà nínú ìwé wọn, wọn kò sì yà sí pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn. Wọ́n tún rí i pé wọ́n ti gba láísẹ́ǹsì ọ̀gá awakọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà kan ní Amẹ́ríkà ní 2009.

Kì í ṣe gbogbo ìjàǹbá wọ̀nyí ni mo lè dì ru owó ẹ̀kọ́. Ohun tí mo rí nínú wọn ni pé ọjọ́ tí nǹkan bá le lókè, ohun tí a ti fi sínú awakọ̀ láti ọdún pípẹ́ ni yóò jáde. A kì í rà á lọ́jà lọ́jọ́ náà.

ṢÉ KÍ ÌJỌBA KÀN SAN ÁN NI?

Àwọn kan yóò ní, "Ìdánwò kan náà ni ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ń ṣe. Bí olówó bá yege, kí ló kù?" Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí fi owó kọ́ di awakọ̀ gidi, n kò sì fẹ́ bú wọn. Ṣùgbọ́n ìdánwò ń sọ fún wa pé ẹnì kan tó. Kò sọ fún wa pé ẹni tó sàn jù ú lọ wà nílé tí kò rí owó fọ́ọ̀mù.

Àwọn mìíràn yóò ní kí ìjọba san án. Ìjọba ti gbìyànjú. Nígbà tí Rabiu Kwankwaso jẹ́ gómìnà Kano láàrin 2011 sí 2015, wọ́n rán ọ̀dọ́ 100 lọ kọ́ṣẹ́ awakọ̀ ní Jọ́dánì. Ètò ìdáríjì fún àwọn ọ̀dọ́ Niger Delta, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn níṣẹ́ yìí. Ìjọba Kwara dá ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú sílẹ̀ ní Ìlọrin. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Niger Delta náà gba láísẹ́ǹsì, kò sì sí owó ẹ̀kọ́ ọkọ̀ ńlá tó kù. Ẹni tó gbé ọmọ dé àárín odò, tó sọ fún un pé òun ti ṣe tòun, kò tíì gbé e kọjá odò.

Èyí tó sàn jù lójú mi ni ti Ethiopian Airlines, tó ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Addis Ababa, tó ń yàn, tó ń kọ́, tó sì ń gbà síṣẹ́. British Airways pàápàá, tó ti fi ẹrù yìí sílẹ̀ fún òbí fún ọdún púpọ̀, kéde ní 2023 pé òun yóò máa san gbogbo owó ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó bá yàn, tó tó pọ́n-ùn 100,000 fún ẹnì kan. Wọ́n ní iye owó náà ló ti ń lé àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn sẹ́yìn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍTÒSÍ MI

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára. Ọmọ kan wà láàrin wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ tó ní nílé, ó sì yáwó kún un, kí ọmọ yìí lè kọ́ṣẹ́ awakọ̀. Ọmọ náà yege, ó dé pẹ̀lú láísẹ́ǹsì, a sì ṣe ìdúpẹ́. Lẹ́yìn náà, ó wáṣẹ́ títí. Ibì kan ní kó lọ fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọkọ̀ ńlá kó tó padà wá. Ibòmíràn ní wákàtí rẹ̀ kò tó. Ọdún ń gorí ọdún.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàbá àti ọmọ wá sílé mi. Ẹnì kan ti ṣèlérí pé bí wọ́n bá fún òun ní owó díẹ̀, òun yóò bá ọmọ náà kọ wákàtí tí kò fò sínú ìwé rẹ̀, kó lè tó iye tí wọ́n ń fẹ́. Bàbá ní, "Akọ̀wé, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ tí mo tà kò ṣeé rà padà mọ́." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Bí mo bá kọ 500 sílẹ̀, wọ́n á rò pé mo mọ ohun tí ẹni tó ti fo 500 mọ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lókè, ìwé kò ní bá mi wa ọkọ̀."

N kò lè dáhùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ibi iṣẹ́ kan tí mo wà fẹ́ gba awakọ̀ mẹ́rin. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. A fi àgbá sílẹ̀ nínú ọgbà, a ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn wa mọ́tò gba àárín wọn kọjá. Ọmọkùnrin kan tó ti wa lọ́rì rí ṣe é bí ẹni ń ṣeré, òun ló gba ipò kìíní. Nígbà tó di ọ̀sán, ìwé pélébé kan dé láti òkè, orúkọ kan sì wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo tún ìwé tẹ̀. Orúkọ tó dé láti òkè bọ́ sí ipò kẹrin, ẹni kìíní di ẹni karùn-ún. N kò gba kọ́bọ̀. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Kò pé ọdún méjì tí awakọ̀ ẹni òkè yìí fi dojú mọ́tò dé. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní. Bí a bá pàdé ní Bukuru, ó máa ń bèèrè àwọn ọmọ mi. Kò mọ̀.

Ìtàn yìí ni mo sọ fún bàbá àti ọmọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo sọ ọ́ rí kó tó di pé mo kọ ọ́ síbí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bàbá náà dákẹ́ títí, ó sì ní kí a máa lọ sùn.

Wọn kò kọ wákàtí èké. Ọmọ náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé-ìwé aládàáni báyìí. Gbèsè bàbá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. N kò lè fi ẹnu dídùn bò ó mọ́lẹ̀ pé òótọ́ tí ọmọ yẹn sọ kò san owó kankan fún wọn.

Níbi tí mo bá ìrònú mi dé nìyí. Àwa tí a máa ń sọ pé kí awakọ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, àwa náà la fi í sí ipò tí òtítọ́ ti wọ́n jù fún un láti rà. Bí a bá fẹ́ kí ẹni tó jókòó níwájú lè sọ pé, "Ó rẹ̀ mí," "Ara mi kò yá," "Ọwọ́ mi kò tíì tó," a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òun nìkan ru owó ẹ̀kọ́ náà. Gbogbo wa tí a ń wọ ọkọ̀ ló yẹ kí ó pín in rù, yálà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tàbí nínú owó orí. Bí a bá sì pín in rù, a ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n fi ìdánwò àti ìwà yàn, kì í ṣe ìwé pélébé.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE

Ẹgbẹ́ wa kò lè ra ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n a ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, kékeré bó ti wù kó mọ. Mo dábàá ohun mẹ́ta. Kí a máa fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ lórí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ tó ń béèrè owó náà, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ọmọ ta ni. Kí a ran ọmọ kan lọ́wọ́ dé òpin dípò kí a ran mẹ́wàá dé àárín odò. Kí ẹ̀yin òbí sì kọ́kọ́ wádìí ọ̀nà tó wà lẹ́yìn láísẹ́ǹsì kí ẹ tó ta ilẹ̀, kí ẹ má sì ti ọmọ sídìí iṣẹ́ nítorí kí a lè máa pè yín ní bàbá páílọ́ọ̀tì. Igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Bí a ṣe ń sọ ti bàálù yìí náà ni ti nọ́ọ̀sì, ti dókítà, àti ti awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sílé ní oṣù Kejìlá.

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ọkọ̀ lókè Du lálẹ́ òní, ẹ gbàdúrà fún ẹni tó ń wà á, kí ẹ sì rántí pé ẹnì kan ló yàn án, ẹnì kan ló tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. A kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Olódùmarè yóò mú gbogbo wa délé láyọ̀.